Ọmọ Tí A Kò Kà: Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́, Owó àti Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Agége

  

Ìbéèrè tí olóòtú gbé ka iwájú wa lónìí kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí àwọn àgbà ti ń sọ ọ́, tí àwọn òbí ń tún un sọ ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, tí àwọn ìwé ìròyìn sì ń gbé e jáde ní ọdọọdún nígbà tí èsì ìdánwò bá dé, pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ó ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí a ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, tí ọmọ ọlọ́jà àti ọmọ alágbàṣe ti rọ́ wọlé, ni ìwé ti di yẹpẹrẹ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi ẹnu lásán jiyàn. Ìtàn ni n ó fi dáhùn, ibì kan ṣoṣo ni n ó sì ti mú un, èyí ni Agége. Mo yan Agége nítorí pé gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó kọjá ní ojú ọ̀nà ìlú yìí: kòkó tí ó san owó rẹ̀, àwọn ọmọ tí ó kà á jáde tí wọn kò rí iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ tí ó fà wọ́n wá, àti ọmọ tí àwọn náà bí tí kò rí àga jókòó.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí kòkó. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń la ọ̀nà ojú irin láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn láàárín 1896 sí 1901, àárín oko ni ọ̀nà náà gbà kọjá ní Agége. Àwọn oníṣòwò kan wà ní Èkó ní àkókò náà tí ọjà ti dẹnu kọlẹ̀ fún, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ti gba òwò mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n bá gba oko lọ. Ẹni tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Jacob Kẹ́hìndé Coker, tí oko rẹ̀ wà ní Ìfàkọ̀, tí ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú ìjọ African Church tí ó yapa kúrò lára ìjọ Áńgílíkà ní 1901. Ní 1907 àwọn ọlọ́gbìn wọ̀nyí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí a mọ̀ sí Agege Planters' Union. Kòkó ni wọ́n gbìn jù, àwọn alágbàṣe tí ó wá láti òkè ilẹ̀ Yorùbá ni ó sì ń bá wọn ro oko.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni ó yẹ kí àwọn olùkọ́ ìtàn máa tẹnu mọ́ ju bí wọ́n ti ń ṣe lọ. Nígbà tí àwọn alágbàṣe wọ̀nyí ń padà sí ìlú wọn, wọ́n mú irúgbìn kòkó dání, wọ́n sì mú ọgbọ́n bí a ti í gbìn ín dání pẹ̀lú. Àwọn ajíhìnrere African Church náà ń gbé ìròyìn kòkó kiri bí wọ́n ti ń gbé ìròyìn ìgbàlà kiri. Bẹ́ẹ̀ ni kòkó ṣe ti Agége wọ inú ilẹ̀ lọ. Agége fúnra rẹ̀ kò jẹ adùn rẹ̀ pẹ́. Iye tí a ń ra kòkó já wálẹ̀ lẹ́yìn 1920, ilẹ̀ sì ti ń rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ọlọ́gbìn ibẹ̀ fi yí padà sí obì gbànja, tí àwọn Haúsá ń rà, tí ọkọ̀ ojú irin sì ń kó lọ sí Òkè Ọya. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kòkó yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá a.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní ìgbà náà, ti ìjọ ni. Ìjọ ni ó kọ́ ọ, ìjọ ni ó ń yan olùkọ́, òbí ni ó ń san owó ilé-ìwé. Agége sì jẹ́ ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ bàbá ni kò fẹ́ kí a yí orúkọ ọmọ òun padà láàárín ọdún méjì, nítorí náà wọ́n fi ọmọ sí ilé kéú, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀. Ansar-Ud-Deen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1923. Ní 1948 ni a dá Ahmadiyya College ti Agége sílẹ̀, èyí tí a wá ń pè ní Anwar-ul-Islam College lẹ́yìn náà.

Ọdún 1948 yìí kan náà ni ìlànà kan dé lórí owó, èyí tí ó yẹ kí a mọ̀ dáadáa bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá yí padà. Sydney Phillipson ni ó kọ ìròyìn tí ìlànà náà dúró lé. Ìjọba yóò ṣírò iye tí owó oṣù àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan jẹ́; yóò yọ iye tí ó gbà pé àwọn ará ìlú lè dá jọ; yóò sì fi owó ìrànwọ́ dí èyí tí ó kù. Ní orí ìwé, ó dára. Ṣùgbọ́n ìlú tí kò bá lè dá iye tí ìjọba gbà pé ó lè dá ńkọ́? Ọmọ wọn yóò jókòó sílé, tàbí kí ó wà lọ́dọ̀ olùkọ́ tí kò gba owó oṣù tí ó péye. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ìwé gidi ni wọ́n ń kà láyé àtijọ́, òótọ́ ni ó ń sọ nípa àwọn tí ó rí i kà. Àwọn tí kò rí i kà kò sí nínú ìṣirò rẹ̀.

Ní oṣù Keje 1952, Stephen Olúwọlé Awókọ́yà, tí í ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, gbé àbá kalẹ̀ níwájú ilé aṣòfin ní Ìbàdàn pé kí gbogbo ọmọ lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìsan owó. Ọ̀rọ̀ owó ni ó kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní kí ẹni kọ̀ọ̀kan tí ń san owó orí fi ṣílè mẹ́wàá àti sísì kún un, fún ẹ̀kọ́ àti fún ìlera. Àwọn ènìyàn fárígá. Wọ́n ní ẹni tí kò bímọ ńkọ́, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti dàgbà ńkọ́, àwọn àgbẹ̀ sì béèrè pé ta ni yóò máa bá àwọn ṣiṣẹ́ oko bí gbogbo ọmọ bá gba ilé-ìwé lọ. Nígbà tí a dìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní 1954, ẹgbẹ́ NCNC gba ìjókòó 23 ní Ìwọ̀-Oòrùn, Action Group gba 18. Ẹgbẹ́ tí ó wà lórí àlééfà fìdí rẹmi ní ilé ara rẹ̀, owó orí yìí sì wà lára ohun tí ó fà á. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ tí ń wò wá yóò rò pé gbogbo ayé ni ó ń jó nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé. Rárá o. Àwọn bàbá wa bínú, wọ́n san án, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń fi í yangàn.

Nínú ọdún 1954 yìí náà ni a fa ààlà kan tí ó kan Agége gbọ̀ngbọ̀n. A yọ ìlú Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, a sì sọ ọ́ di ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n Mushin, Ìkẹjà àti Agége ṣẹ́ kù sí ọ̀dọ̀ ìjọba tí ó wà ní Ìbàdàn. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní 1955, ọmọ Agége wọlé láìsan kọ́bọ̀. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, tí àwọn ará rẹ̀ ń wo Agége bí oko, dúró di oṣù Kínní 1957.

Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954 jẹ́ 456,600. Ní 1955 ó di 811,432. Nígbà tí yóò fi di 1958 ó ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Láàárín ọdún kan ṣoṣo, iye náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó lè pèsè olùkọ́ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún méjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ṣí púpọ̀ sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka Sítáńdààdì Síìsì tán ni a fún ní ẹfun tí a sì ní kí wọ́n lọ máa kọ́ ọmọ. Yàtọ̀ sí èyí, ọdún mẹ́jọ tí a fi ń ka ìwé dé Sítáńdààdì Síìsì ni a gé kù sí mẹ́fà. Lójú tèmi, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn nípa ìwé tí ó bàjẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn mú ọmọ tí ó lo ọdún mẹ́fà, wọ́n gbé e dúró ti ẹni tí ó lo ọdún mẹ́jọ, nígbà tí ti àkọ́kọ́ ga kò tó ejìká èkejì, wọ́n ní oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni kò jẹ́ kí ó dàgbà.

Níbo ni owó ti wá? Láti ara kòkó ni, pẹ̀lú owó orí. Àjọ tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ti kó owó púpọ̀ jọ ní àwọn ọdún tí kòkó wọ́n lọ́jà àgbáyé, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì ń fi ohun tí ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ó ń ná lọ́dọọdún sí orí ẹ̀kọ́. Ẹ wá rí i pé kòkó tí ó jáde kúrò ní Agége bí irúgbìn ní àpò alágbàṣe, ó padà dé lẹ́yìn ogójì ọdún bí owó oṣù olùkọ́. Ó tún padà lọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1950 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1960, iye kòkó wó lulẹ̀. Àwọn ọmọ kò dín kù nítorí pé kòkó wó.

Ní òpin 1960 ni àwọn àkọ́kọ́ tí ó fi ọ̀fẹ́ kàwé parí ìwé mẹ́fà. Inú oṣù kan náà, oṣù Kejìlá 1960, ni ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lábẹ́ Ayọ̀délé Bánjọ láti yẹ ètò ẹ̀kọ́ wò, nítorí pé ariwo ti pọ̀. Ìgbìmọ̀ Bánjọ kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: ó sọ pé ìwé kò dán mọ́rán bí ó ti yẹ, ó sì nàka sí àwọn olùkọ́ tí a kò kọ́ níṣẹ́. Ìgbìmọ̀ mìíràn tí C. O. Taiwo ṣe alága rẹ̀ ní 1968 tún padà sí orí ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pàápàá àwọn ọmọ tí ń fi ilé-ìwé sílẹ̀ láìparí. Ọ̀pọ̀ òbí ní ìgbèríko ti rí i pé ọmọ tí ó ní ìwé mẹ́fà, àti èyí tí ó ka ọdún mẹ́ta lé e ní ilé-ẹ̀kọ́ mọ́dà, kò rí iṣẹ́ ní ìlú wọn, kò sì fẹ́ mú ọkọ́ mọ́.

Níbo ni àwọn ọmọ wọ̀nyí gbà lọ? Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba Agége lọ. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kan náà tí ó fún wọn ní ìwé ni ó ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà, ní ẹ̀gbẹ́ ààlà Èkó. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀ ní 1962. Dunlop ń ṣe táyà. Àwọn aláṣọ, àwọn alágolo àti àwọn alọ́ra tẹ̀ lé wọn. Agége ni ilé ti pọ́ọ́kú. Láàárọ̀, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fi ń rìn kọjá ojú irin lọ sí ibi iṣẹ́. Adrian Peace, onímọ̀ ẹ̀dá àwùjọ tí ó ṣe ìwádìí láàárín wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1979, ṣe àpèjúwe àwọn òṣìṣẹ́ náà: ọ̀dọ́ tí ó ti ibòmíràn wá, tí wọ́n ka ìwé díẹ̀, tí wọ́n ń gbé yàrá kan, tí wọ́n sì ń retí pé iṣẹ́ oṣù yóò di owó òwò lọ́jọ́ kan. Wọ́n fẹ́yàwó, wọ́n bímọ. Ọmọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti di bàbá, ó sì ń wá ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ tirẹ̀.

Ìṣòro tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967 ni a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Agége sì bọ́ kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Ní 1970 ìjọba ológun pàṣẹ pé owó tí a ń pín fún àwọn ìpínlẹ̀ láti àpò àpapọ̀, ìdajì rẹ̀ yóò jẹ́ ọgbọọgba, ìdajì yóò jẹ́ gẹ́gẹ́ bí iye ènìyàn. Iye ènìyàn ti ìgbà wo? Ìkànìyàn 1963 ni. A tún ènìyàn kà ní 1973, ṣùgbọ́n ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, ìjọba Murtala Muhammed sì fagi lé e ní 1975. Ti 1963 yìí ni a ń lò títí di 1991. Ẹ ronú sí i: ọ̀dọ́kùnrin tí a kà ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Èkìtì nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní inú ìwé ìjọba ibẹ̀ ni ó ṣì wà nígbà tí ó ti bí ọmọ mẹ́rin ní Agége. Àwọn ọmọ mẹ́rin náà kò tilẹ̀ sí níbì kankan.

Ẹnì kan lè sọ pé, ṣebí ilé-iṣẹ́ ni ó kó wọn wá, kí ilé-iṣẹ́ san owó rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń san owó orí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ni owó orí ilé-iṣẹ́ ń lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ Agége. Ní Amẹ́ríkà, àgbègbè ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan a máa gba owó orí lórí ilé àti ilẹ̀ tí ó wà ní ààlà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olówó fi ń dára tí ti àwọn tálákà fi ń rù. Èmi kò yin ètò náà. Ṣùgbọ́n tiwa burú lọ́nà mìíràn: èéfín ilé-iṣẹ́ ń fẹ́ wọ inú kíláàsì, owó rẹ̀ kò wọ ibẹ̀.

Nínú ipò yìí ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti gbogbo Nàìjíríà bá Agége ní oṣù Kẹsàn-án 1976. Yakubu Gowon ni ó ti kéde rẹ̀ ní Ṣókótó ní 1974, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni ó ṣí i. Owó epo ni ó fún wọn ní ìgboyà. Ọmọ tí ó wá jù iye tí wọ́n ṣírò lọ. Kì í ṣe àìgbọ́n tiwa nìkan o. Ní Kẹ́ńyà náà, nígbà tí ìjọba fagi lé owó ilé-ìwé ní 2003, ọmọ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ni ó ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tí ó bá kàwé ní Agége ní àkókò yẹn yóò rántí ìpín àárọ̀ àti ìpín ọ̀sán. Kíláàsì kan náà, àga kan náà, pátákó kan náà; àwọn ọmọ àárọ̀ yóò jáde ní ọ̀sán gangan, àwọn ọmọ ọ̀sán ti ń dúró sí abẹ́ igi pẹ̀lú àpò ìwé lórí. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní Èkó tí wọ́n pín in sí mẹ́ta. Ọmọ ọ̀sán ti bá ìyá rẹ̀ kiri ọjà láàárọ̀ kí ó tó wọlé, oorun ni yóò sì máa kùn ún nígbà tí oòrùn bá mú páànù orí òrùlé. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá gbòdo nínú ìdánwò, ṣé ọ̀fẹ́ ni ó fà á, àbí wákàtí tí a jí mọ́ ọn lọ́wọ́?

Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè rí èyí. Nígbà tí ó di gómìnà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1979, ó sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó sì búra pé òun yóò fi òpin sí ìpín ọ̀sán. Ní 1980 ó fi òpin sí i. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kíláàsì ni ó kọ́ láàárín oṣù díẹ̀, ó sì ní kí ọmọ inú kíláàsì kọ̀ọ̀kan má ju ogójì lọ. Kò sí àkókò fún bíríkì dídán: ògiri kúkúrú, páànù, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọlé. Àwọn alátakò pè é ní ilé adìẹ. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ó sì ṣòro láti gbàgbé, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú àwọn tí ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tí ó sọ ibi tí àwọn ọmọ ọ̀sán ìbá dúró sí títí tí ilé alájà mẹ́ta yóò fi parí. Ní Agége, níbi tí ilẹ̀ ìjọba ṣì wà, irú bí ilẹ̀ oko màálù àtijọ́ tí a ń pè ní Dairy Farm, ilé-ẹ̀kọ́ girama hù níbẹ̀. Ọmọ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ìbá parí ìwé mẹ́fà kí ó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì wá ń wọ aṣọ girama.

Èmi kò sọ pé gbogbo ohun tí Jákàńdè ṣe ni ó tọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta 1980, ìjọba rẹ̀ kọ ìwé pé gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni yóò di píparẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Anthony Okogie àti àwọn mìíràn pe ìjọba lẹ́jọ́. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dá wọn láre: ó ní òfin 1979 fi àyè gba ẹnikẹ́ni láti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀nà tí a fi ń tan ìmọ̀ ká. Mo rò pé ilé-ẹjọ́ ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí Jákàńdè ń bẹ̀rù. Ó ń bẹ̀rù pé bí ọmọ àwọn tí ohùn wọn ń dé ilé ìjọba bá ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tán, kò sí ẹni tí yóò pariwo mọ́ nígbà tí páànù bá ń jò.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e, kíá ni n ó kọjá rẹ̀, nítorí pé gbogbo wa ni ó ṣojú wa. Àwọn ológun gba ìjọba ní òpin 1983. Owó epo ti wó bí kòkó ti wó. Láti 1986, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé sọ náírà di ewé. A dá àjọ kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1988, a tú u ká ní 1991, a kó ẹrù náà lé ìjọba ìbílẹ̀ lórí, owó oṣù olùkọ́ sì di èyí tí a ń fi oṣù mélòó kan retí. Ní 1993 a tún dá àjọ náà padà. Olùkọ́ ń ta bisikíìtì àti áìsì-wọ́tà. Àwọn mìíràn gba ọ̀dọ̀ aládàáni lọ, àwọn mìíràn sì ṣí tiwọn.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ṣe kún àdúgbò Agége, kì í ṣe ti ọlọ́lá nìkan. Yàrá mẹ́rin lẹ́yìn ilé kan, ìyá oníṣòwò tí ń san owó ilé-ìwé ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ bí ẹni dá èésú. Nígbà tí a ka ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2010 sí 2011, a rí 12,098. Ọmọ 57 nínú ọgọ́rùn-ún tí ń kàwé ní ìpínlẹ̀ náà ni ó wà nínú wọn. Ó wá yí padà sí bí ó ti wà ní 1948: òbí tí ó bá lè dá owó ni ọmọ rẹ̀ yóò rí olùkọ́ tí ó dúró. Nígbà tí a ń sọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò dára, àwọn tálákà ti ń san owó ilé-ìwé láìpariwo.

Ṣé ìṣirò wá ti tún ṣe? Ìkànìyàn 2006 sọ pé ènìyàn 9,113,605 ni ó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba Èkó, tí ó ka tirẹ̀ ní àkókò kan náà, sọ pé wọ́n lé ní 17,500,000. Ẹ gbọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ Agége nìkan, lẹ́yìn tí a ti yọ Ìfàkọ̀-Ìjàyè kúrò lára rẹ̀ ní 1996: ìjọba àpapọ̀ ní 459,939, ìpínlẹ̀ ní 1,033,064. Èmi kò lè sọ èyí tí ó tọ́ nínú méjèèjì, bóyá kò sí èyí tí ó tọ́. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ti lè pín àga nígbà tí àwọn méjì tí ó fẹ́ rà á fi ju ìlọ́po méjì yàtọ̀ sí ara wọn lórí iye ìdí tí yóò jókòó. Ìkànìyàn tí a ní yóò wáyé ní 2023 sì ni a sún síwájú. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 2004 náà kò tún ọ̀ràn yìí ṣe. Ó yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún àpò àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́, ìpínlẹ̀ tí yóò gba owó ìrànwọ́ sì gbọ́dọ̀ fi iye kan náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọọgba ni a ń pín owó ìrànwọ́ náà, ìbáà jẹ́ ìpínlẹ̀ tí ọmọ kún fọ́fọ́ tàbí èyí tí ọmọ inú rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo mọ̀ tí a gbìyànjú ohun mìíràn. Ní 2009 Báǹkì Àgbáyé yá Ìpínlẹ̀ Èkó ní mílíọ̀nù 95 dọ́là fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba, nínú ètò tí a pè ní Eko Project. Owó náà kò dúró ní ọ́fíìsì. A fi fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti ìgbìmọ̀ òbí sì pinnu ohun tí wọn yóò fi rà: ìwé ni, tàbí ohun èlò yàrá sáyẹ́ǹsì, tàbí ẹ̀kọ́ àfikún fún olùkọ́. Àwọn ọmọ náà kò yí padà. Ọmọ ọlọ́jà àti ọmọ alágbàṣe kan náà ni wọ́n. Ètò náà ní ọjọ́ tí ó máa parí, ó sì parí.

Olóòtú, ibẹ̀ ni n ó ti dánu dúró. Mo rí i pé olùkọ́ tí ó jókòó sí apá òsì mi ti ń na ọwọ́ láti ìgbà tí mo ti dárúkọ ilé adìẹ, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé inú ọ̀kan nínú wọn ni ó ti kọ́ ọmọ rí. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tirẹ̀.